Àtàǹpàkò Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sabon Zongo, àdúgbò àwa àlejò ní Àkrá, nígbà tí Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ó ti pẹ́ o. Síbẹ̀, bí mo bá gbóòórùn yíǹkì, ọwọ́ mi ṣì máa ń tutù.

Akọ̀wé ìjọba ni mí nígbà náà. Òfin tuntun kan jáde pé kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ìjọba sì máa fi san owó dókítà fún ìdílé rẹ̀. Òfin náà dáa, àmọ́ ó le. Aláìsàn gbọ́dọ̀ tẹ àtàǹpàkò sórí káàdì níwájú dókítà. Dókítà tó bá gbowó lórí ẹni tí kò sí láyé, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wá àwọn aláìsàn lọ sílé, kí n rí i pé wọ́n wà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi na káàdì méjì sí mi: Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ní, "Anago," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, "àwọn èèyàn rẹ nìyí. Ẹnì kan kọ̀wé sí wa pé ọmọ kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn. Tó bá jẹ́ òótọ́, dókítà wọn ti wọ gàù."

Dókítà náà, ọmọ ẹ̀yà Gáà láti Jamestown, òun nìkan ló ń gbà láti tọ́jú àwa ará Zongo. Bó bá lọ, ta ló kù?

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sí. Kò jiyàn. Ó ní Kẹ́hìndé ti kú látìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Gáà ni, kò mọ̀ pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì. A máa ń ní ó rìnrìn àjò ni. Ó ní ara Táyé kò le, ìyá rẹ̀ kì í sì í gbé e wá àfi tí òun bá kọ orúkọ àwọn méjèèjì.

"Àtàǹpàkò orí káàdì kejì wá ńkọ́?"

"Mo rò pé Táyé ló tẹ méjèèjì. Mi ò wò ó."

Mo ní kò burú. Bó bá jẹ́ ti Táyé ni méjèèjì, màá kọ ọ́ pé wọ́n ṣèèṣì kọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì ni. Àṣìṣe kì í ṣe olè.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni mo dé ilé àwọn ìbejì náà. Ìyá Ìbejì tẹ́ ẹní fún mi. Ó gbé kẹ́ńkè, ẹ̀kọ líle àwọn ará Gánà, àti ẹja síwájú Táyé, ó sì gbé àwo kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó nídìí àwo kejì.

"Ìyá Ìbejì, Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ṣebí òun ló ń jẹun yẹn."

Ó yé mi. Àwọn mìíràn a máa gbẹ́ ère, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni obìnrin yìí. Ohun tó bá ti rà fún ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì. Bàtà méjì, àwo méjì. Ìgbà tí káàdì ìjọba wá dé, ó gba méjì.

Mo ṣí àpótí yíǹkì, mo ní kí Táyé tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sórí ìwé. Mo fi dígí mi tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ó bá káàdì àkọ́kọ́ mu régí.

Mo gbé dígí sórí káàdì kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ọwọ́ Táyé. Ó kéré bí ẹ̀wà, bí ìka ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Mo fẹ́ pa àpótí náà dé wéré. Táyé gbé òkèlè mì, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ má tíì dé e. Ó ní òun ò tíì tẹ tòun."

Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ wojú mi láti ẹnu ọ̀nà tó wà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń bínú."

Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Mo gbé yíǹkì àti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kejì. Ewúrẹ́ kan ké nínú àgbàlá, mo yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo yíjú padà, àtàǹpàkò kékeré kan ti wà lórí ìwé, ó ṣì tutù. Ọwọ́ Táyé méjèèjì wà nínú kẹ́ńkè rẹ̀. Yíǹkì díẹ̀ wà létí àwo kejì.

Mi ò rántí bí mo ṣe dágbére.

Ọ̀gá mi yẹ ìwé náà wò títí. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìka rẹ̀ kéré báyìí?"

"Ìbejì ni, sà. Ọ̀kan lè yára dàgbà ju èkejì lọ."

"Ojú ẹ ló ṣe tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Ibi tí mo jókòó sí ló ti tẹ̀ ẹ́."

Ó buwọ́ lù ú. Dókítà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Táyé ti di bàbá àgbà báyìí, ó ń ta iṣu ní ọjà Agbogbloshie, bí mo bá sì yà kí i, ife omi méjì ló máa ń bù fún ara rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé òfin lè mọ ìka èèyàn, kó má mọ ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ ka àwọn ará ilé, kó kọ́kọ́ jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì ńkọ́, kí lẹ ti rí nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì.