Ọ̀dà Tí Ojú Bádéjọ Lè Rí

Ní ọdún 2006, Kòfowórọlá àti ọkọ rẹ̀, Bádéjọ, kó kúrò ní Múṣin wá sí ilé tí wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní Mowe. Wọ́n ti rẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dà lára rẹ̀. Bádéjọ ti wa ọkọ̀ elépo fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Mo ń ríran dáadáa." Kòfowórọlá máa ń gbọ́ bó ṣe ń fi èjìká kọ lu ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó náà ní òun á fọwọ́ ara òun kun ilé. Ó lọ sí ìsọ̀ Hàfísátù tó ń ta ọ̀dà lẹ́bàá márosẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ gba kíríìmù fún ilẹ̀kùn," ni Hàfísátù wí. "Òun làwọn tó ń kó bọ̀ láti Èkó ń rà."

"Tí ògiri bá jẹ́ funfun, ṣé kíríìmù á jẹ́ kí ilẹ̀kùn yọ dáadáa?"

Hàfísátù wojú rẹ̀. "Ta ni kò ríran nínú ilé?"

Omijé lé ròrò sójú Kòfowórọlá. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó sọ ọ́ tán, Hàfísátù ta ọ̀dà olómi funfun fún un, ó sì bu èyí tó ń dán, tí wọ́n ń fi kẹrosíìnì lú, sínú agolo kéékèèké: kíríìmù, àwọ̀ ewé tí kò rinlẹ̀, àti búlúù tó dúdú bí aró.

"Ẹ jẹ́ kí Dádì fúnra wọn mú èyí tí wọ́n rí."

Kòfowórọlá fi sánpépà ha ògiri pálọ̀, ó nu eruku rẹ̀, ó sì kun apá kan ní funfun. Nígbà tó gbẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ mẹ́ta náà lé e lórí, ó wá lọ fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Tòún, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èwo lẹ fẹ́?"

Bádéjọ sún mọ́ ògiri. "Mẹ́ta kẹ̀? Ẹyọ kan ni mo rí, Kòfó."

Ó nawọ́ sí búlúù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: pé ohùn lòun fi ń dá Tòún, ọmọ wọn, mọ̀, pé ẹ̀rù ń ba òun láti dá jáde. Kòfowórọlá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Funfun ni wọ́n kun ògiri, búlúù ni wọ́n kun gbogbo ilẹ̀kùn. Bádéjọ gba róólà, ó ní òun náà á ṣe. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ṣì gbẹ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun bí ọwọ́ ẹni tó ń sẹ́ ògì. Ó fo ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kòfowórọlá rí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní ilé náà jọ ilé ìwé. Inú ẹ̀ ni Bádéjọ wá ń dá rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ó dáwọ́ dúró.

"Ìta ńkọ́?" ó ní. "Ìgbà wo la máa kun ìta?"