Oyin Mi Dì Nínú Ọyẹ́, Búlọ́ọ̀gù Mi sì Pè Mí Ní Òpùrọ́

Ọdún tí iná igbó jó wọ oko kajú àwọn ará Agoua, tí èéfín rẹ̀ bo ojú ọ̀nà títí dé Bantè, ọdún náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Èmi kò mọ̀wé o! Pẹlají, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo sì ní kó máa kà á padà sí mi létí, nítorí ojú mi ti rí nǹkan.

Oyin ni mo ń tà. Ìdòwú ọmọ mi ló ń tọ́jú ilé oyin wa létí igbó kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni mo ń fún un, tí mo ń sẹ́ ẹ, tí mo ń rọ ọ́ sínú ìgò.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń wo ẹni tó ń ta oyin. Bí olè ni! Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìgò sókè sí oòrùn, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á wá wo ojú mi. Ṣé kì í ṣe ṣúgà lẹ sè síbẹ̀, Màmá? N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣúgà sísè pọ̀ nínú ìgò tí wọ́n ń gbé kiri ní títì Savalou. Èmi náà, bí mo bá fẹ́ ra oyin lọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo máa fura sí i.

Ìgbà tí Pẹlají ti ilé ìwé dé, ó ní òun fẹ́ ṣí búlọ́ọ̀gù fún ọjà mi. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní ojú ìwé kan ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí oníṣòwò kékeré lè máa kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí ẹni tó wà ní Kútọnu tàbí Parakou lè kà á, kó sì wá a wá. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fún ẹni tó bá kà á? Ó ní wọn kì í fún un ní nǹkan kan. Họ́wù! Èèyàn á jókòó, á máa ka ọ̀rọ̀ oyin lásán? Mo ní ó ní ohun tí wọ́n ń wá. Bóyá wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ilé oyin wa wà, kí wọ́n lọ kó o!

"Màmá, ẹ̀yin náà! Gbogbo ayé kọ́ ni olè."

"Gbogbo ayé kọ́. Àwọn tó mọ ọ̀nà igbó nìkan ni."

Nígbà tó yá mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní n kò ní sọ nǹkan kan. Ló bá lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Savalou, Sẹ́ẹ̀jì lorúkọ rẹ̀, tó máa ń ṣe irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Sẹ́ẹ̀jì kò wá sọ́dọ̀ mi. Kò tọ́ oyin mi wò. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kún ojú ìwé náà bámúbámú! Pẹlají ń yọ̀. Mo bi í léèrè pé ọ̀rọ̀ kí ni? Ó ní ọ̀rọ̀ oyin. Mo ní mo gbọ́, oyin ta ni? Ló bá na fóònù sí mi.

Àwòrán obìnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, tó ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ ọ́n rí. Orúkọ mi ló sì wà lábẹ́ rẹ̀!

Ọyẹ́ wá dé.

Ẹni tó ń ra oyin lọ́wọ́ mi jù ni Ìyá Ìjọ kan ní Savalou, ti ìjọ aláṣọ funfun. Bí ìdúpẹ́ ìkórè wọn bá ń bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń gbé oyin tí wọ́n máa gbé síwájú pẹpẹ àti èyí tí àwọn ọmọ ìjọ máa pín. Oyin yẹn ló ń gbé ọdún mi ró. Bí kò bá rà á, ìgò á kún ilé mi títí òjò á fi dé. Bó bá sì lọ sọ pé oyin mi kì í ṣe ojúlówó, ta ló tún máa rà á ní Savalou?

Ó dé, mo gbé bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì oyin, jáde, ó ṣí i. Oyin ti dì! Ó funfun lókè bí ọ̀rá. Ṣé oyin kì í dì nínú ọyẹ́ ni? Ọdọọdún ni. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ wọn máa ń ṣáájú ọyẹ́, kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún yẹn, ọyẹ́ yá ju ìdúpẹ́ lọ.

Ó yọ fóònù, ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ka ojú ìwé mi. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde níbẹ̀: ojúlówó oyin kì í dì láéláé, èyí tó bá dì, ṣúgà ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá, ta ló kọ èyí? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

Kí ni kí n sọ? Bí mo ní èmi kọ́, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Bí mo ní èmi ni, mo ti pe ara mi ní òpùrọ́! Pẹlají dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé Sẹ́ẹ̀jì kò fúnra rẹ̀ kọ nǹkan kan, ojú ìwé àwọn ẹlòmíràn ló ti kó gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ìjọ yọ ìṣáná; wọ́n ní èyí tí a bá tì bọ ojúlówó oyin á ṣì jó. Ó ti igi rẹ̀ kan bọ oyin, ó ṣá a, ó jó. Ó ti òmíràn bọ̀ ọ́, ìyẹn kò jó. Ó wo ìṣáná, ó wò mí. Ló bá fi èdè Máhì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má gbé ojú kúrò lára ọwọ́ mi. Kò mọ̀ pé mo gbọ́ Máhì! Ọjà Savalou ni mo ti ń tajà títí irun mi fi funfun.

Ó ní òun kò lè gbé ohun tí kò dá òun lójú síwájú Ọlọ́run. Ìgò kan péré ló mú, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn àgbà ìjọ. Ó gun zẹ́mì, ọ̀kadà tó gbé wọn wá, ó lọ.

N kò na Pẹlají o, ẹ má bẹ̀rù. Mo ní kó pa gbogbo ọ̀rọ̀ Sẹ́ẹ̀jì rẹ́, àti obìnrin oníbọ̀wọ́ yẹn. Mo ní kó jókòó, kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má fi tirẹ̀ kún un.

Mo sọ pé oyin wa máa ń dì bí ọyẹ́ bá dé. Mo ní kí wọ́n gbé ìgò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n má gbé e ka iná, nítorí iná máa ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Mo sọ pé oyin ìgbà tí kajú ń tanná kì í jọ ti ìparí òjò ní àwọ̀. Mo sọ pé aṣọ funfun ni mo fi ń fún un, pé bí wọ́n bá rí ẹsẹ̀ kòkòrò oyin nínú ìgò, kí wọ́n má bínú, aṣọ mi kò lè mú gbogbo rẹ̀. Mo ní lọ́dún tí iná bá jó igbó, oyin mi kì í pọ̀, n kò sì ní bu omi kún un.

Pẹlají dáwọ́ dúró. "Màmá, wọn kì í sọ àbùkù ọjà ẹni fún oníbàárà!"

"Ṣé wọn ò ní rí i bí wọ́n bá ṣí ìgò ni?"

Ó kọ ọ́. Ó ní ibi tí ilé oyin wà ńkọ́? Mo ní ìyẹn, kó má dán an wò.

Ó tún ya àwòrán ìgò kan náà, nígbà tó dì àti nígbà tó yọ́ tán. Ẹ wò ó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀! Olùkọ́ kan ní Akpassi ní ìyá òun ti da oyin tó dì nù rí. Obìnrin kan ní Parakou béèrè bóyá ọmọ ọwọ́ lè lá a. Mo ní n kò mọ ìyẹn, kó lọ bi nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè tí mo bá lè dáhùn, a ó fi kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sójú ìwé náà. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni wọ́n ń pè fún oyin. Ṣùgbọ́n Savalou dákẹ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé afárá oyin dé ni, zẹ́mì kan dúró lẹ́yìn ilé. Ìyá Ìjọ ni! Kò pè kó tó wá. Ó fẹ́ ká wa mọ́bẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí fóònù, kó máa ka ohun tí mo kọ, òun á sì máa bi mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní aṣọ funfun. Aṣọ náà dà?"

Mo gbé e sókè, oyin ń kán nídìí rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ kòkòrò máa ń wà níbẹ̀."

Ó fi ìka mú ọ̀kan nínú bàsíà, ó wò ó títí.

"Wọ́n ní àwọn kì í gbé e ka iná."

Ó wọ ilé ìdáná mi lọ, ó fọwọ́ kan eérú. Ó tutù. Ló bá tún fi Máhì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Èmi náà fi Máhì bi í pé kí ló fẹ́ mú un gbọ̀n? Háà! Ẹ̀rín pa ọmọ rẹ̀ débi tí fóònù fẹ́ bọ́ sínú oyin. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n díẹ̀.

Ó ní ìgò tí òun mú lọ, òun gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí a ṣe kọ ọ́, ó sì yọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé òun wá. Ó ní òun ti ka ojú ìwé àwọn oníoyin púpọ̀, gbogbo wọn ní tiwọn ló dára jù. Tèmi nìkan ló sọ fún òun pé òun máa rí ẹsẹ̀ kòkòrò. Ó ní ta ló fẹ́ tan èèyàn jẹ tó máa sọ bẹ́ẹ̀?

Ó gbé oyin ìdúpẹ́. Ó sì fi okùn tirẹ̀ di ẹnu bídọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi nǹkan kún un lọ́nà. Ṣé mo bínú? Rárá o! Bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa dì í jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ń ṣòwò kékeré, ẹ ṣí búlọ́ọ̀gù o! Ó ń mú èèyàn wá láti ibi tí ẹsẹ̀ yín kò dé. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jẹ́ tiyín, kó sì ní nǹkan nínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò mọ ọjà yín, ọjọ́ tí oníbàárà bá sì dìde sí yín, kò ní bá yín dúró. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ohun tí ẹ gbé sórí fóònù ti ta kò yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Pẹlají á kà á fún mi. Mo máa gbọ́ ọ, bí n kò tilẹ̀ gbà á gbọ́ tán.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi tó wà ní Kútọnu wá kí mi, wọ́n ní ojú ìwé náà kéré, kí a jẹ́ kí Sẹ́ẹ̀jì bá wa fi nǹkan kún un kó lè pọ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ohun tí ojú wa kò rí lórúkọ mi, ì báà jẹ́ lẹ́yìn tí mo bá kú. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá jókòó ti fóònù tí wọn kò rí nǹkan kọ, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí wọ́n lọ sídìí oyin.