Bí Ìyá Mi Ṣe Di Awakọ̀ ní Ìpele

Mo ṣì kéré, kíláàsì kẹrin nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, nígbà tí ìyá mi tó ti kọjá ẹni ogójì ọdún kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè máa rò pé kí ló wá jẹ́ bàbàrà nínú ìyẹn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Ìpele là ń gbé, kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, tàbí Ọ̀ghọ̀ bí àwa ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pè é. Bàbá mi ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó iṣu, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọ̀nà oko lọ sọ́jà Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ni ẹrù. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, ó sì ń yan gàrí. Bí a ṣe ń jẹun nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń lọ sílé ìwé.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, bàbá mi jí láàárọ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò dá a lóhùn mọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn títí ọ̀rọ̀ fi já gaara lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò lágbára láti tẹ bíréèkì mọ́ láéláé. Bí ọkọ̀ ṣe wà lábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn, tí adìyẹ ń yé ẹyin sí i lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ kì í fẹ́ wọ ọ̀nà oko wa nítorí kòtò àti gegele. Ata wá ń rà mọ́ àwọn obìnrin lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, mú ẹnìkan wá láti ra ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rò pé oore ló ń ṣe wá. Ẹni tó fẹ́ rà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ta táyà wò nígbà tí ìyá mi jáde láti ibi tó ti ń yan gàrí, tó sì kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ má tà á. Èmi ni n ó máa wà á.”

“Ìyàwó wa, ṣé ara rẹ dá báyìí? Ìwọ tí o kò gun kẹ̀kẹ́ rí?”

“N ó kọ́ ọ, bàbá. Gbogbo àwọn tó ń wà á, wọ́n kọ́ ọ ni.”

Bàbá mi ló gbà á sílẹ̀ lórí àga tó jókòó sí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ló ti ṣe mí, ẹnu mi ṣì wà níbẹ̀. N ó kọ́ ọ.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun gbà, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa tí ìyá mi kò tíì mọ̀ ọ́n wà, òun yóò ta ọkọ̀ náà, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹni tí yóò tún sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tí yóò ro oko, tí yóò sì yan gàrí nígbà tí ìyá mi bá ń kọ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan tó jẹ́ olórí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa dìde dúró. Ó bi wọ́n pé, “Ata ta ló ń jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà? Ṣé ti obìnrin yìí ni?” Wọ́n ní rárá, ti àwọn ni. Ó ní, “Ó dáa. Iṣẹ́ tiwa ló fẹ́ kọ́ yẹn. Ẹ̀yin wo ló ń bọ̀ lóko rẹ̀ lọ́la?”

Bí wọ́n ṣe pín ara wọn nìyẹn. Àwọn kan ń ro oko, àwọn kan ń hú ẹ̀gẹ́, àwọn mìíràn ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà wa bí ẹni pé ilé wọn ni. Mẹkáníìkì tó ti ń bá bàbá mi tún ọkọ̀ ṣe tipẹ́, mùsùlùmí kan láti àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ń wá lẹ́yìn tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́. Òun ló jí ẹ́ńjìnnì yẹn dìde.

Orí pápá ilé ìwé wa ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n á gbé bàbá mi sí ìjókòó iwájú, ìyá mi á jókòó sí ipò awakọ̀, àwa ọmọdé á máa lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ yẹn fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ẹ ó kàn máa gbọ́ ohùn bàbá mi ni: “Kílọ́ọ̀ṣì! Mo ní kílọ́ọ̀ṣì!” Lọ́jọ́ kan ó rọ́ lu òpó góòlù, òpó náà sì wó lulẹ̀. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí koríko, ó bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí àìsàn kọ lu bàbá mi.

“Mo ti dàgbà jù. Mo kàn ń fi ara mi ṣẹ̀sín ni.”

Mẹkáníìkì kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó mú òòlù, ó lu ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀ náà títí tó fi tọ́, ó wá nu ọwọ́ rẹ̀. “Màmá, mo ti parí tèmi. Ẹ padà sídìí ọkọ̀.” Ó sì padà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ ṣe ìdánwò ìwakọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ọkọ̀ yí lọ sẹ́yìn mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì dá a padà sílé. Nígbà tó tún lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀. Àmọ́ ìwé àṣẹ ló mú bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn obìnrin fi orin sìn ín láti ẹnu ọ̀nà ìlú wọlé.

Ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́, mo wà lẹ́yìn ọkọ̀, láàárín apẹ̀rẹ̀ ata. Àdúrà ni kálukú ń gbà sínú títí a fi dé Ọ̀wọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni gáréèjì, nígbà tí a fẹ́ padà sílé. Àwọn awakọ̀ ní àwọn kò ní í jẹ́ kí obìnrin tò sórí ìlà láti gbé èrò. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin wa wọ bọ́ọ̀sì mìíràn. Àwọn obìnrin Ìpele kò jà, wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ wọn nínú oòrùn, wọn kò sì wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ kí alága àwọn awakọ̀ tó jáde sí wọn. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ̀rù ọkọ̀ tí obìnrin ń wà kò bà yín ni?”

Ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dáhùn. “Ẹ̀rù bà mí o, ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yín ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣùgbọ́n tí tiyín bá dà mí sígbó, n kò mọ ibi tí n ó ti rí yín. Èyí, mo mọ ilé rẹ̀.”

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó wá na ọwọ́ sí ìyá mi pé kó wọlé sórí ìlà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún lé e.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ńkọ́? Nígbà ìkórè iṣu ọdún yẹn, a kàn rí i lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. “Ìyàwó wa, ṣé àyè ṣì kù?” Ìyá mi ní kó jókòó síwájú.

Ìyá mi wa ọkọ̀ títí gbogbo wa fi jáde ilé ìwé, títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Bàbá mi kì í fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ bí ara rẹ̀ bá yá, ó sì máa ń bá a wí nípa jíà títí dọjọ́ ikú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ti mọ̀ ọ́n wà ju òun lọ.

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, obìnrin tó wa ọkọ̀ kọjá ní Ọ̀wọ̀, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mọ́ mi. Ọ̀nà ti dára ju ti ìgbà yẹn lọ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí a rìn ín bí a ṣe ń rìn ín tẹ́lẹ̀. Fóònù wà, kálukú sì ń sáré tirẹ̀. N kò bínú sí ìgbà yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bi yín: tí obìnrin kan ládùúgbò yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lọ́la, ẹ ó kí i kú oríire, mo mọ̀. Lẹ́yìn ìkíni yẹn, ta ni nínú yín ni yóò dìde?