Ọ̀lẹ Ló Ń Sọ Kọ́njọ́ntúrù

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí ní ọjà Ouando lónìí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yà kí mi ní ìsọ̀ tí mo ti ń ta bàtà ọmọdé. Wọ́n ní báwo lọjà. Mo ní, "A dúpẹ́, bọ̀ọ̀dá, àmọ́ kọ́njọ́ntúrù yìí le."

Ẹ sá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ Faransé fún ọ̀wọ́n àti ọ̀dá owó, tí gbogbo wa máa ń sọ tí ọjà ò bá tà.

Bọ̀ọ̀dá fajú ro. "Ìyàwó, má sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Ọ̀lẹ ló ń sọ kọ́njọ́ntúrù. Ẹni tó bá mọ ọjà tà, á tà."

Mo ní, "Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìsọ̀, kí n lọ kírun."

Inú wọn dùn. Wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n jókòó bí ọ̀gá.

Ìgbà tí mo máa fi padà dé, òógùn ti bò wọ́n. Obìnrin kan mú sálúbàtà lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, owó yìí mà ti pọ̀ jù."

Bọ̀ọ̀dá ò rí mi. Wọ́n ní:

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi kọ́. Kọ́njọ́ntúrù ni."

Obìnrin náà gbé sálúbàtà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo sá sí, mo fi ìbòrí dí ẹnu, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tẹ èyí sí yín lórí fóònù. Tí mo bá jáde, ṣé kí n kúnlẹ̀ kí wọn kú ọjà ni, àbí kí n bi wọ́n pé ta lọ̀lẹ?

Ẹ tètè dá mi lóhùn, wọ́n ti ń wá mi.