Okùn Bàtà Deborah

Bámiṣayé kì í kánjú so okùn bàtà. Ṣúmékà ni, ọmọ Yàgbà láti Ìsánlú. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, igun kan náà ló ń jókòó sí ní Old Market ní Lokoja, níbi tí afẹ́fẹ́ odò ti ń gbé òórùn ẹja wá. Bí oníbàárà bá gba bàtà rẹ̀ tó fẹ́ máa lọ láì so ó, Bámiṣayé á ní, "Jókòó. Okùn ló di bàtà mú, kì í ṣe awọ."

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Ṣàmsíátù tó ń ta òkìríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tú ìdì bàtà kan. Ó fa bàtà funfun méjì yọ, tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Irin pẹlẹbẹ gígùn wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀bẹ.

"Baba Deborah, ẹ wá wo nǹkan. Ṣé ẹran ni òyìnbó fi èyí ń gé?"

Deborah, ọmọ kan ṣoṣo tí Bámiṣayé bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. "Sikéètì ni, mà. Wọ́n máa ń fi í sáré lórí omi dídì."

"Síkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ta ló ń wọ síkẹ́ẹ̀tì sẹ́sẹ̀?"

Deborah rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà náà. Bámiṣayé gba bàtà náà lọ́wọ́ Ṣàmsíátù, ó wo ojú rírán rẹ̀, ó sì mú un lọ sílé.

Kò sí omi dídì ní Lokoja àfi èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Bámiṣayé yọ irin náà, ó fi pákó líle àti táyà kéékèèké mẹ́rin mẹ́rin dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, àwọn méjèèjì á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Adankolo, sí títì kan tó dán tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà.

Deborah á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Bàbá rẹ̀ á kúnlẹ̀. Á kọ́kọ́ fa ahọ́n bàtà náà tọ́, kó má baà ká sínú. Níbi ìka ẹsẹ̀, á jẹ́ kí okùn dẹ̀ díẹ̀, nítorí ìka gbọ́dọ̀ mí. Níbi ọrùn ẹsẹ̀, á fà á títí yóò fi dún. Lókè, á tún dẹ ọwọ́, kí ojúgun lè tẹ̀ síwájú. Á ta á ní kókó méjì, á ki etí okùn bọ inú bàtà. Lẹ́yìn náà á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bàtà náà, á ní, "Òkun."

Òkun ni ìkíni àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n Lokoja ni wọ́n bí Deborah sí, Hausa àti Pidgin ló kún etí rẹ̀ ju Yàgbà lọ. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá àgbà rẹ̀ wá láti Ìsánlú, ó kí i ní, "Òkun o." Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ bóyá okùn ti tú. Láti ọjọ́ náà ló ti di ti ilé wọn. Bàbá á ní "Òkun," ọmọ á gbé ọwọ́ sókè, á dáhùn, "Òkun o," á sì lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún Bámiṣayé bẹ̀rẹ̀ sí kú. Abẹ́rẹ́ ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Ṣàmsíátù bá ti yíjú, á fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta, ó kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fa okùn. Kò dún. Ó tún fà á. Ìka rẹ̀ di okùn mú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára. Ó pẹ́ kó tó ta kókó méjèèjì tán. Deborah ń wo àárín orí rẹ̀.

"Ó ti tó, Dádì."

"Òkun," ni Bámiṣayé wí.

Deborah kò tíì jìnnà tí bàbá rẹ̀ fi rí etí okùn tó yọ jáde lára bàtà ọ̀tún, tó ń wọ́ nílẹ̀. Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Okùn! Okùn!" ló fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Deborah kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Òkun o."

Okùn náà wọ inú táyà.

Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n fi irin sínú rẹ̀, kò sì lè tẹ̀ dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Gbogbo àwọn tó wá kí wọn ní ìbànújẹ́ ọmọ ló fà á. Bámiṣayé jẹ́ kí wọ́n máa wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Deborah fi igi rìn dé ìdí ibùsùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Dádì. Èmi ni mo fà á." Bámiṣayé kọjú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó lè béèrè omi. Ó lè dá Ṣàmsíátù lóhùn nígbà tó bá gbé túwó wá.

"Baba Deborah, ẹ tètè dìde o. Ẹni tó wà ní igun yín báyìí, ó ń rán bàtà bí ẹni ń rán ẹnu àpò gààrí."

"Jẹ́ kó máa rán an," ni Bámiṣayé á wí. "Wọ́n máa wá mi wá."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò lè sọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sọ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún òun kò ní í wo ojú òun mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Deborah ń múra fún un láti lọ sí ìsìn. Ilẹ̀ ló jókòó sí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á láyè láti kúnlẹ̀. Ó ti ki bàtà bọ bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Deborah. Ọwọ́ mi ti kú ṣáájú ọjọ́ tí o ṣubú. Mo mọ̀. Mo ṣì so bàtà rẹ."

Deborah kò gbójú sókè. "Mo mọ̀, Dádì. Láti ìgbà ọdún tuntun èṣí ni mo ti ń rí i. Nígbà tí mo dìde lọ́jọ́ náà, bàtà yẹn ń mì lẹ́sẹ̀ mi."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Báwo ni mo ṣe máa ní kí ẹ tú u, kí ẹ tún un so?" Ó fi okùn gba ihò kan sí i. "Ká ní mo sọ ọ́ ni, wọn ì bá ti gbé yín dé ọsibítù kí àrùn yìí tó dá yín dùbúlẹ̀."

Oníkẹ̀kẹ́ tó ń dúró dè wọ́n níta fọn fèrè. Deborah fi okùn gba ihò tó kẹ́yìn, ó ń fà á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń di ojú egbò. Ó ti fẹ́ ta á ní kókó nígbà tí Bámiṣayé gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká.

"Ó dẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀," ó ní. "Tú u. Tún un so."

Deborah tú u. Láti ibi ìka ẹsẹ̀ ló ti tún bẹ̀rẹ̀.