Kò Sí Òórùn Bẹntiróòlù Lára Aṣọ Ọkọ Mi

Aṣọ ọkọ mi ló kọ́kọ́ mú mi fura.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, ó ní ẹja lòun ó máa fi pa. Gbogbo Sátidé ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù méjì kúrò nílé wa ní Àrẹ̀mọ. Tó bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì á ti gbẹ, ẹja tó mú bọ̀ kò sì ní kún abọ́. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo máa ń gbé e símú, n kì í gbóòórùn epo kankan. Bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ ilé lásán, apá ọṣẹ kì í ká òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Báwo lèèyàn ṣe ń da epo sínú ọkọ̀ tó ń mì lórí omi, tí ẹ̀kán kan ò ta sí i lára?

Mo sọ ọ́ fún ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a jọ ń gbé agboolé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ọkùnrin tó ń lọ sódò tí kò rùn bí odò, ibòmíì ló ń lọ."

Nígbà tí Sátidé pé, mo ti dúró ti kẹ́ẹ̀gì lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo fẹ́ bá yín lọ lónìí."

"Oòrùn á pa ọ́."

"Kó pa mí."

A gba Bẹẹrẹ jáde, a forí lé Ẹlẹ́yẹlé.

Létí omi, ó gbé táǹkì epo kúrò nínú ọkọ̀ wá sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sórí òkúta, ó fi àkísà wé ẹnu táǹkì, ó ki orí kan rọ́bà bọ kẹ́ẹ̀gì, ó ki orí kejì bọ táǹkì, ó sì ń rọra tẹ ibi tó wú láàárín rọ́bà náà kí epo lè máa wá. Kò jẹ́ kó kún dé ẹnu; ó ní oòrùn a máa mú epo wú. Ó gbé rọ́bà sókè títí èyí tó kù nínú rẹ̀ fi ro tán. Ó dé táǹkì, ó nù ún, ó ká àkísà sínú ọ̀rá. Ẹ̀kán epo kan ò kán sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ ńṣe ni ìfura mi le sí i. Ta ló ń ṣọ́ra báyìí nítorí ẹja?

"Kí lẹ ń bẹ̀rù?"

"Àwọn èèyàn ń mu omi yìí."

"Àwọn wo?"

Ó gbé táǹkì padà sínú ọkọ̀, a wọ̀ ọ́. A kọjá níbi táwọn apẹja na àwọ̀n sí, kò dúró. Òdìkejì ló forí lé. Obìnrin kan jókòó lábẹ́ igi káṣú níbẹ̀, ó ń retí wa. Mo ní, òun rèé. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn ni mo tó rí i pé arúgbó ni.

"Ìyá wa kékeré nìyẹn," lọkọ mi wí.

Ìyàwó tí bàbá ọkọ mi fẹ́ kẹ́yìn ni. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ẹbí fura pé ó mọ̀ sí ikú náà, wọ́n lé e jáde. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé. Èmi tí n kò rí i rí náà ti gbà pé òun ló pa á.

Ó bu omi adágún fún mi nínú ife. Mo gbà á, mo kàn dì í mú ni. Ó wò mí, ó gba ife náà, ó mu níbẹ̀, ó sì gbé e padà fún mi. Mo mu ìyókù.

Nígbà tí à ń padà, mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ohun tó o bá gbọ́ láàárọ̀, ìyálé rẹ á ti gbọ́ kó tó dọ̀sán."

Nígbà tó yá, ọkọ mi fúnra rẹ̀ lọ bá mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ó sọ ibi tí ìyá wà. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n ní kí ìyá máa bọ̀ nílé. Ìyá kọ̀.

"Ṣé wọ́n ti wá mọ ohun tó pa bàbá yín ni?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, nítorí náà a ṣì ń lọ bá a ní gbogbo Sátidé. Èmi ni mò ń di kẹ́ẹ̀gì mú báyìí. Ìyálé mi ti bẹ̀ mí pé òun fẹ́ bá wa lọ kí ìyá. Mi ò tíì fún un lésì, torí n kò mọ ohun tó fẹ́ lọ wò.