Igi Tí A Kò Kùn

Mo-ti-yó ni wọ́n ń pe káfíńtà kan nínú ìjọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko, nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé Oúnjẹ Olúwa dé ìjókòó rẹ̀, á gba àwo, á tì í sí ẹni tó kàn. Àwọn alágbà rò pé inú ló ń run ún. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá mọ́ ọn lórí.

Inú kọ́. Àkàbà ni. Akunlé kan ládùúgbò ló kàn án fún. Ọ̀pá kẹrin ti jẹrà lójú kan, kò sì sí pákó míì nílẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí i, ó fi sáńpépà ra á títí ó fi dán, ó wá kùn ún lọ́dà. Kò sí káfíńtà tí kò mọ ọgbọ́n yẹn. Tó bá jẹ́ àpótí aṣọ, kò burú, ṣùgbọ́n àpótí aṣọ kì í gbé èèyàn dé òrùlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀pá náà ṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún akunlé rún wómúwómú, wọ́n sì gé e. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bi káfíńtà, ó ní, "Ẹ bi í bóyá kò mutí kó tó gòkè." Gbólóhùn kan péré. Ọkùnrin tí kì í fi ọtí kan ẹnu di ọ̀mùtí lójú ayé, kò sì sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n ní irọ́ a máa rìn fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti káfíńtà kò rìn rárá. Ó jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, akunlé tiro wọlé.

"Káfíńtà, o kú iṣẹ́. Igi abíyá tí mo fi ń rìn ti gbó. Bá mi gbẹ́ òmíràn."

"Ẹ máa mú un lọ́jọ́ Ajé, bọ̀ọ̀dá. Ọ̀dà wo ni kí n fi kùn ún?"

"Má kùn ún. Ọ̀dà ni mo fi jẹun, mo mọ ohun tó ń bò."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. "Ẹ ti mọ̀?"

"Ibi tí mo ṣubú sí, ìdajì ọ̀pá yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Mo rí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ta ló ń gba ọ̀mùtí gbọ́?"

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi. "Ẹ dárí jì mí."

"Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́. Ọlọ́run lè dárí jì ọ́ lónìí. Òun kọ́ ló ń fi ẹsẹ̀ kan gun àtẹ̀gùn. Èmi ṣì ń gbìyànjú. Ojú ta lo ti pè mí ní ọ̀mùtí?"

"Ojú gbogbo èèyàn."

"Ẹn-ẹ́n."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n tó gbé àwo káàkiri, káfíńtà dìde, ó sì sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dorí kodò. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ní, "Àṣé ohun tó yó o nìyẹn." Pásítọ̀ gbé ife fún un fúnra rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ò bẹ̀rù irú èyí. Mu ún." Ó mu ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, kò sá fójú Ọlọ́run. Ojú èèyàn ló kù.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ tán, oníbàárà méjì ti wá kó pákó wọn lọ. Ẹ̀yìn wọn ni akunlé dé. Ó yí igi abíyá tuntun náà síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, ó fi èékánná họ gbogbo ojú rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ló wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

"Ó le," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó tiro jáde.

Káfíńtà ń wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà. Lẹ́yìn náà ó gbé pákó tó kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú tó ti jẹrà nínú rẹ̀.